Ṣé ẹni mẹ́ta lè para pọ̀ háyà ọkọ̀ ojú omi ẹlẹ́ńjìnnì kan ní Ìwópin dípò kí kálukú ra tiẹ̀?

Ó ṣeé ṣe, ó sì sàn ju kí ẹ jẹ gbèsè lọ, bí ẹ ò bá ní máa lò ó lójoojúmọ́. Ẹ pín owó háyà dọ́gba, kí kálukú ní ọjọ́ tiẹ̀, kí ẹni tó bá gbé e jáde ra epo tiẹ̀. Ẹ jẹ́ kí ọlọ́kọ̀ kọ ọ́ sílẹ̀, ta ni yóò tún ẹ́ńjìnnì ṣe bó bá bàjẹ́. Ibẹ̀ gan-an ni ìjà wà, kì í ṣe owó háyà.

Bó bá jẹ́ irú ẹ́ńjìnnì tí wọ́n ń po ọ́ìlì mọ́ bẹntiróòlù fún, 50 sí 1 ló wọ́pọ̀: ìdajì lítà ọ́ìlì sí kẹ́ẹ̀gì lítà 25. Ọ́ìlì ẹ́ńjìnnì ojú omi o, kì í ṣe ti mọ́tò. Ẹnì kan ṣoṣo ni kó máa pò ó. Tí ọ́ìlì bá kéré, písítìn á gan. Tó bá pọ̀ jù, púlọ́ọ̀gì á dúdú, ẹ́ńjìnnì á sì máa kú lórí ọ̀sà.

Gbàrà tí ẹ bá ti ṣíná sí i, ẹ wo ihò kékeré tó ń tu omi lẹ́yìn rẹ̀. Bí omi tó ń mú ẹ́ńjìnnì tutù yìí ò bá jáde, ẹ pa á kíá. Koríko ojú omi ti lè dí ẹnu tó fi ń fa omi.

Ẹni tó bá ń dá ọkọ̀ padà, kó yẹ ìdí abẹ̀bẹ̀ ẹ́ńjìnnì tó ń yí nínú omi wò. Okùn àwọ̀n tó bá wé mọ́ ọn máa ń gé rọ́bà tó dí omi mọ́ ìta, omi á wọlé, ọ́ìlì gíà á wá funfun bí ẹ̀kọ mímu.