Ojú tó pọ́n yìí kì í ṣe àpólò

Lẹ́tà:

"Màmá, ẹ kú iṣẹ́ o. Ọmọkùnrin mi jẹ́ ọmọ ọdún 10. Ó ti lé ní ọdún kan tí wọ́n ti sọ fún wa níbí ní Lọ́ńdọ̀nù pé àìsàn Crohn, àìsàn tó ń bá ìfun jà, ló ń yọ ọ́ lẹ́nu, lẹ́yìn ọ̀pọ̀ oṣù tí inú fi ń run ún, tí ó ń ya ìgbẹ́ ẹlẹ́jẹ̀, tí ó sì ń rù. Oògùn ti mú inú rẹ̀ rọlẹ̀, ó ti ń jẹun. Ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta sẹ́yìn ni ojú rẹ̀ ọ̀tún pọ́n. Ìyá ọkọ mi, tí wọ́n wá bá wa tọ́jú ìkókó, sọ pé àpólò ni, wọ́n ní kí n fún omi ọmú sí i. Mo fún un. Mo tún ra oògùn ojú lọ́dọ̀ apoògùn. Ọmọ náà bẹ̀rẹ̀ sí í dé fìlà nínú ilé, ó ń fa kọ́tìnnì bo fèrèsé, mo rò pé eré ni. Ní ọjọ́ kẹsàn-án ni dókítà ojú sọ pé uveitis ni, pé ọ̀nà kan náà ni òun àti àìsàn inú rẹ̀ gbà wá. Oògùn méjì ni wọ́n fún un. Ọ̀kan ti mú kí ọmọlójú rẹ̀ fẹ̀, ìyá ọkọ mi sì ń pariwo pé òyìnbó ti ba ojú ọmọ jẹ́, pé kí a dá a dúró, kí a gbé e lọ sí Ìjẹ̀bú ní oṣù Kejìlá kí wọ́n bá wa wò ó. Ọkọ mi kò sọ nǹkan kan. Ṣé àìsàn inú lè dé ojú lóòótọ́? Àbí omi ọmú mi ni mo fi ṣe ọmọ mi ní ibi? Èmi ni, Ìyá Ọmọ Méjì."

Ìdáhùn:

Ìyá Ọmọ Méjì, mo kí ọ, mo kí ìkókó ọwọ́ rẹ, mo sì kí Màmá tí wọ́n fi ilé sílẹ̀ ní Ìjẹ̀bú wá bá yín pọnmọ nínú òtútù. Ìbéèrè tí o fi parí lẹ́tà rẹ ni n óò kọ́kọ́ dáhùn, nítorí ó hàn sí mi pé òun ni kò jẹ́ kí o sùn. Omi ọmú rẹ kọ́ ló fa àìsàn ojú ọmọ rẹ. Inú ẹyinjú ni àìsàn náà wà, ó sì ti wà níbẹ̀ kí o tó kán ohunkóhun sí i. Èyí kò wá sọ omi ọmú di oògùn ojú o, nítorí kòkòrò tó wà lára ọmú tàbí lọ́wọ́ ẹni lè bá a wọlé, kó sì dá egbò sí iwájú ojú tó ti ń ṣàìsàn tẹ́lẹ̀. Má ṣe é mọ́, sì sọ fún dókítà pé o ṣe é rí, kí ó lè yẹ iwájú ojú náà wò dáadáa. Má tijú. Àwọn dókítà ojú ilé wa ti rí ìtọ̀, wọ́n ti rí omi ewé, wọ́n ti rí omi ṣúgà, wọ́n sì ti rí ojú tó fọ́ nítorí wọn.

Ní ti pé bóyá àìsàn inú lè dé ojú, ọ̀rọ̀ náà kò ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Dókítà Burrill Crohn, tí wọ́n fi orúkọ rẹ̀ pe àìsàn ọmọ rẹ nítorí ìwé tí òun pẹ̀lú Ginzburg àti Oppenheimer kọ ní New York ní ọdún 1932, ti kọ̀wé ní ọdún 1925 nípa àìsàn ojú lára àwọn tí ìfun ńlá wọn ń ṣe egbò. Ohun tó ń ṣẹlẹ̀ ni pé àwọn sẹ́ẹ̀lì funfun inú ẹ̀jẹ̀, tí iṣẹ́ wọn jẹ́ láti máa lé kòkòrò àrùn, ti kọjú ìjà sí ara tó ni wọ́n. Inú ìfun ni ìjà náà ti le jù, ṣùgbọ́n ẹ̀jẹ̀ kan náà ló ń yí ara ká: ó ń dé oríkèé, ó ń dé awọ ara, ó sì ń dé ojú. Lábẹ́ funfun ojú tí gbogbo wa ń rí, awọ kan wà tí iṣan ẹ̀jẹ̀ kún inú rẹ̀ fọ́fọ́, apá iwájú rẹ̀ sì ni òrùka aláwọ̀ dúdú tó yí ọmọlójú ká. Nígbà tí awọ yìí bá gbóná, tó sì wú, òun ni wọ́n ń pè ní uveitis. Kò sí ẹni tó kó o ran ọmọ rẹ, òun náà kò sì lè kó o ran àbúrò rẹ̀.

Mi ò bá Màmá wí pé wọ́n pè é ní àpólò, nítorí orúkọ tí àwọn ẹgbẹ́ wa mọ̀ nìyẹn. Ní ọdún 1969 ni ojú pípọ́n kan bẹ́ sílẹ̀ ní Accra ní orílẹ̀-èdè Gánà, ó sì ràn bí iná ọyẹ́ dé ọ̀dọ̀ tiwa, ní ọdún kan náà tí ọkọ̀ Apollo 11 gbé ènìyàn dé inú òṣùpá; bí orúkọ ọkọ̀ òfuurufú ṣe di orúkọ àìsàn nìyẹn, tí gbogbo ojú tó bá pọ́n sì ń jẹ́ orúkọ náà títí di òní. Ṣùgbọ́n àpólò máa ń rin ojú, ó máa ń mú kí ipin dì í pa ní òwúrọ̀, ó sábà máa ń gba ojú méjèèjì, ẹni méjì mẹ́ta nínú ilé a sì kó o. O kò sọ pé ojú ọmọ rẹ ṣe ipin, ojú kan ṣoṣo ló pọ́n, o kò sì sọ pé ẹlòmíràn kó o nínú yín. Oògùn tí o rà lọ́dọ̀ apoògùn, tí mo rò pé chloramphenicol ni, kòkòrò bakitéríà ni wọ́n ṣe é fún. Kò sí bakitéríà níbẹ̀ tí yóò pa.

Ọ̀rọ̀ fìlà yẹn ni mo kà lẹ́ẹ̀mejì. Ọmọ tó dé fìlà nínú ilé, tó fa kọ́tìnnì, tó kẹ̀yìn sí fèrèsé, ìmọ́lẹ̀ ló ń gún un lójú, ó sì ti wá ọgbọ́n dá sí i láìsọ fún ẹnikẹ́ni. Ojú pípọ́n tí ìmọ́lẹ̀ ń ni lára, tó ń ro ọmọ láti inú wá, tó mú kí ó máa ríran bàìbàì, tàbí tí ọmọlójú kan kéré ju èkejì lọ tàbí tí kò rí róbótó mọ́, lọ́jọ́ náà gan-an ni kí ó dé ọ̀dọ̀ dókítà ojú. Bí ara ọmọ rẹ bá ti balẹ̀ díẹ̀, bi í jẹ́ẹ́jẹ́ ìdí tí kò fi sọ. Mo fura pé ilé ìwòsàn ló ti sú u. Ọmọ tí wọ́n ti gún lábẹ́rẹ́ tó bẹ́ẹ̀ mọ̀ pé bí òun bá la ẹnu, wọ́n á tún gbé òun lọ.

Ohun tí mo fẹ́ kí o dì mú jù nínú ìwé yìí ni pé pípọ́n kọ́ ni ìwọ̀n àìsàn yìí. Oríṣi ojú pípọ́n mìíràn wà tó máa ń bá àìsàn ìfun rìn, tí wọ́n ń pè ní episcleritis. Òkè funfun ojú ló máa ń wà, kì í sábà ṣe ìríran ní nǹkan kan, ó sì sábà máa ń tẹ̀lé ìfun: bí inú bá dàrú, á dé, bí inú bá rọlẹ̀, á lọ. Uveitis kò gba àṣẹ lọ́wọ́ ìfun. Ó lè dé nígbà tí inú tòrò, gẹ́gẹ́ bó ti ṣẹlẹ̀ nínú ilé rẹ. Èyí tó burú jù níbẹ̀ ni pé, lára àwọn ọmọdé, ó lè wà nínú ojú tó funfun nini, tí kò dun ọmọ, tí kò pọ́n rárá, kí ó sì máa bà á jẹ́ lábẹ́lẹ̀. Nítorí náà, bí ojú náà bá ti mọ́, tí Màmá sì wí pé "ṣé ẹ rí i, ó ti san," kí ẹ ṣì lọ sí gbogbo ọjọ́ tí wọ́n bá dá fún yín.

O mọ ẹ̀rọ tí wọ́n fi yẹ̀ ẹ́ wò, èyí tí ọmọ fi àgbọ̀n lé, tó fi iwájú orí ti irin rẹ̀, tí wọ́n sì tan ìmọ́lẹ̀ tó tín-ín-rín bí abẹ sí i lójú. O ti rí bí eruku ṣe ń léfòó nínú ìtànṣán oòrùn tó gba ihò ilẹ̀kùn wọ yàrá òkùnkùn. Bí dókítà ṣe ń rí àwọn sẹ́ẹ̀lì funfun gan-an nìyẹn, tí wọ́n ń léfòó nínú omi ojú tó yẹ kó mọ́ gaara. Ojú lásán kò lè rí i, bí ó ti wù kí ìyá tó ni í fẹ́ràn ọmọ tó.

Ẹ jẹ́ kí a wá sórí oògùn tó dá ìjà sílẹ̀. Èyí tó mú ọmọlójú fẹ̀ kò ba ojú jẹ́. Iṣẹ́ rẹ̀ ló ń ṣe. Nígbà tí òrùka ojú bá wú, ó lè lẹ̀ mọ́ dígí inú ojú tó wà lẹ́yìn rẹ̀ bí ewé ṣe ń lẹ̀ mọ́ mọ́ínmọ́ín tó ti tutù, èyí tó bá sì ti lẹ̀ pẹ́ kì í fẹ́ ṣí mọ́. Oògùn yìí ń fa òrùka náà sẹ́yìn kí ó má baà lẹ̀, ó sì ń dín ríro kù. Ọmọ náà kò ní lè ka ìwé kékeré dáadáa ní àsìkò yìí, oòrùn yóò sì máa yọ ọ́ lẹ́nu, nítorí náà kí olùkọ́ rẹ̀ mọ̀. Bí wọ́n bá dá oògùn náà dúró, ọmọlójú yóò padà sí bí ó ṣe wà.

Ìkejì, tó jẹ́ sìtẹ́rọ́ìdì, oògùn tó ń mú wíwú rọlẹ̀, ni mo ń bẹ̀rù fún yín, kì í ṣe nítorí pé kò dára, bí kò ṣe nítorí pé ó dára tó bẹ́ẹ̀ tí ènìyàn fi lè tètè dá a dúró. Wákàtí wákàtí ni wọ́n sábà fi ń bẹ̀rẹ̀ rẹ̀, wọ́n á wá máa dín in kù díẹ̀díẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọ̀sẹ̀. Bí ẹ bá gé e lójijì, àìsàn náà lè rú jáde padà. Bí ẹ bá sì ń lò ó lọ láìjẹ́ kí dókítà mọ̀, ó lè ti ipá omi inú ojú sókè títí tí yóò fi máa pa iṣan tó ń gbé ìríran lọ sí ọpọlọ, tàbí kí ó fa kàtáráàtì, èyí tó ń mú kí dígí inú ojú ṣú. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń wọn ojú rẹ̀ nígbà gbogbo. Bí ó bá ti tó ọ̀sẹ̀ mẹ́rin tí ẹ ti ṣí ìgò náà, dà á nù. Má ṣe tọ́jú rẹ̀ de ẹlòmíràn, nítorí bí ó bá jẹ́ pé fáírọ́ọ̀sì tí wọ́n ń pè ní hápíìsì (herpes) ló mú ojú ẹni náà pọ́n, oògùn yìí lè sọ ọ́ di egbò ńlá.

Bí ọmọ bá ń pa ojú dé, jẹ́ kí ó dùbúlẹ̀ gbalaja, kí ó di ojú, kí o kán ẹ̀kán kan sí kọ̀rọ̀ ojú lẹ́gbẹ̀ẹ́ imú, lẹ́yìn náà kí ó wá la ojú. Oògùn náà yóò ṣàn wọlé fúnra rẹ̀. Fi ìka tẹ kọ̀rọ̀ náà jẹ́ẹ́jẹ́ fún ìṣẹ́jú kan, kí ó má baà ṣàn lọ sí ọ̀fun rẹ̀, nítorí ìkorò yẹn ló sábà ń mú wọn sá. Dúró fún ìṣẹ́jú márùn-ún kí o tó kán ìkejì. Bí wọ́n bá kọ ọ́ sára ìgò pé kí ẹ gbọ̀n ọ́n, ẹ gbọ̀n ọ́n. Bí ó bá sì ń ro ó, má fún un ní ibuprofen láìbèèrè, nítorí ó lè tún àìsàn ìfun rẹ̀ dá sílẹ̀. Parasitámọ́ọ̀lù ló sàn fún un.

Ní ti Ìjẹ̀bú ní oṣù Kejìlá, mi ò ní kí ẹ má lọ wo ilé. Ṣùgbọ́n ẹ má lọ nítorí kí wọ́n bá yín wo ojú, nítorí bí ẹ bá gbé e dé UCH, ilé ìwòsàn ńlá yẹn ní Ìbàdàn, orí irú ẹ̀rọ kan náà ni wọ́n yóò ní kí ó fi àgbọ̀n lé. Kí ẹ tó ra tíkẹ́ẹ̀tì, ẹ bi dókítà ìfun léèrè nípa abẹ́rẹ́ àjẹsára ibà pọ́njú. Àjẹsára náà ní kòkòrò tó wà láàyè nínú, kò sì yẹ fún ọmọ tó ń lo oògùn tó ń dín agbára ìjà ara kù. Dókítà náà lè kọ ìwé tí yóò yọ ọmọ náà kúrò nínú rẹ̀. Bí uveitis yìí bá sì ń padà wá, àwọn dókítà méjèèjì lè jọ sọ̀rọ̀ lórí adalimumab, abẹ́rẹ́ tí wọ́n ń lò fún ìfun àti fún ojú pọ̀; wọ́n á kọ́kọ́ yẹ̀ ẹ́ wò bóyá ikọ́ ife wà lára rẹ̀. Tún sọ fún wọn bí orúnkún tàbí ẹ̀yìn bá ń dùn ún bó bá jí.

Ó ku ọ̀rọ̀ Màmá. Ìwọ kọ́ ló yẹ kí o bá wọn jiyàn. Ìyàwó ni ọ́. Ọkọ rẹ tó dákẹ́ ni kí ó jókòó ti ìyá rẹ̀, kí ó dọ̀bálẹ̀ kí wọn, kí ó wá sọ pé: "Màmá, oògùn yìí ni a máa lò, ẹ bá wa fi àdúrà sí i." Lẹ́yìn náà, ẹ fún wọn níṣẹ́. Ẹni tó gun ọkọ̀ òfuurufú nítorí ọmọ-ọmọ rẹ̀ kò lè jókòó lásán. Ẹ fi aago lé wọn lọ́wọ́, kí wọ́n jẹ́ ẹni tí yóò máa pe ọmọ náà nígbà tí oògùn bá tó, pàápàá nígbà tí ìwọ bá ń fún ìkókó lọ́mú. Ẹ sì mú wọn dání nígbà tí ẹ bá tún ń lọ sí ilé ìwòsàn. Bí àyè bá wà, kí ọkọ rẹ bẹ dókítà kí ó jẹ́ kí Màmá fi ojú ara wọn wo inú ẹ̀rọ náà.