Ẹ Bi Wá: Preamp Gìtá Onítúùbù, Ihò Rẹ̀ àti Nọ́ọ̀bù Rẹ̀

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́ o. Èmi ni mò ń ta gìtá ní ìjọ wa l'Óṣogbo. A ra preamp onítúùbù (ẹ̀rọ tó ń gbé ohùn gìtá ga kó tó dé áḿpù), mo sì so ó mọ́ míksà tààrà. Tí gain, nọ́ọ̀bù tó ń sọ bí ohùn ṣe máa gbá túùbù tó, bá wà nílẹ̀, ohùn rẹ̀ ṣeé gbọ́. Bí mo bá ti gbé e sókè báyìí, ṣe ni gìtá á máa kùn bí oyin tí wọ́n fín. Mo ti yí Treble wálẹ̀ tán, kò gbọ́. Ṣé túùbù ló ti kú ni?

ÌDÁHÙN: Túùbù yín kò kú. Sípíkà gìtá ni kò sí níbẹ̀. Sípíkà gìtá oní-ínǹṣì 12 kì í gbé ohùn tó bá ti ga ju bíi 5,000 Hz lọ jáde dáadáa, ohun tí a sì ń fẹ́ gan-an nìyẹn. Bí gain bá pọ̀, túùbù á máa bí àwọn ohùn tó mú ṣóńṣó, tó ga jìnnà ju ohùn okùn gìtá fúnra rẹ̀ lọ. Sípíkà gìtá ló máa ń sẹ́ wọn kúrò bí a ṣe ń sẹ́ ògì. Sípíkà ìjọ kò ní asẹ́ bẹ́ẹ̀, tweeter ló ní, ìyẹn sípíkà kékeré tó ń gbé ohùn òkè jáde. Ògì àti eèrí ló ń dà jáde pọ̀. Treble kò lè tún un ṣe, torí ibi tó ń gé fẹ̀ jù: á gé èyí tí ẹ fẹ́ mọ́ èyí tí ẹ kò fẹ́.

Ẹ yí preamp náà padà, kí ẹ wo ẹ̀yìn rẹ̀. Bí ẹ bá rí ihò tí wọ́n kọ Speaker Emulated, Recording tàbí Cab Sim sí, ìyẹn ni ti míksà. Èyí tí wọ́n kọ Master Out tàbí Main Out lásán sí, ti áḿpù ni. Marshall JMP-1 tó jáde ní 1992, tó ń lo túùbù ECC83 méjì, ní oríṣi méjèèjì, ó sì rọrùn láti ṣì wọ́n lò. Bí tiyín kò bá ní ti míksà, ẹ ra cab simulator kékeré kan, ẹ̀rọ tó ń ṣe bíi sípíkà gìtá, kí ẹ fi sáàárín preamp àti míksà. Bí owó kò bá tíì sí, tí míksà yín sì jẹ́ ti dígítà, ẹ gbé LPF (asẹ́ tó ń gé ohùn òkè) ihò tí preamp wà sí 5,000 Hz. Á dín ìkùn náà kù, bí kò tilẹ̀ tó cab simulator.

Ó ku ihò míksà tí ẹ máa so ó mọ́. Preamp máa ń gbé ohùn gìtá dé agbára bíi volt kan, ihò Line ló sì tọ́ sí i. Ihò maikirofóònù ń retí ohun tó kéré sí ìyẹn jìnnà. Á fọ́ ohùn mọ́ yín lọ́wọ́. Tó bá jẹ́ ihò XLR, ihò olójú mẹ́ta ti maikirofóònù, nìkan ló ṣẹ́ kù, ẹ tẹ Pad tó ń dín ohùn tó ń wọlé kù, kí ẹ sì pa phantom 48 V, iná tí míksà ń fi ránṣẹ́ sí maikirofóònù. Tí bọ́tìnnì kan ṣoṣo bá ń tan phantom fún gbogbo ihò, tí maikirofóònù akọrin sì nílò rẹ̀, ẹ lo DI box (àpótí kékeré tí a ń fi sáàárín ohun èlò orin àti míksà) tó ní tiransifọ́mà nínú. Kì í jẹ́ kí 48 V náà dé ọ̀dọ̀ preamp.

Bí ẹ bá ní áḿpù gìtá, ihò Return tó wà lẹ́yìn rẹ̀, tí ohùn ń gbà wọlé láì kọjá preamp inú áḿpù, ni kí ẹ so preamp mọ́. Bí ẹ bá gba iwájú wọlé, preamp méjì ló ń tò léra wọn yẹn, ariwo á sì pọ̀. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má ṣe fa wáyà láti ihò sípíkà áḿpù wá sínú preamp tàbí míksà láé. Áḿpù 50 watt tó ń gbé sípíkà 8 ohm máa ń ti 20 volt jáde. Ó lè jó ihò tó ń retí volt kan.

ÌBÉÈRÈ: Jùjú là ń kọ n'Íbàdàn. Gain, Master, Bass, Middle, Treble, Presence, Bright: èwo ni kí n kọ́kọ́ yí? Mo fẹ́ kí ohùn mọ́ kedere, ṣùgbọ́n kó má gbẹ.

ÌDÁHÙN: Ẹ tẹ̀ lé ọ̀nà tí ohùn ń gbà. Ẹ fi Master sí 0, gain sí 3, Bass, Middle àti Treble sí 5. Ẹ duro bí ìṣẹ́jú kan kí túùbù gbóná, kí ẹ wá gbé Master títí ẹ ó fi gbọ́. Ẹ ta gbogbo okùn pọ̀ bí ẹ ṣe ń ta á lóde àríyá, kì í ṣe bí ẹ ṣe ń ta á ní yàrá. Ẹ máa gbé gain sókè títí ohùn á fi bẹ̀rẹ̀ sí í ha, kí ẹ dá a padà díẹ̀. Ibẹ̀ ni ti jùjú. Gain ló ń sọ bí ohùn ṣe máa gbá túùbù tó. Master ló ń sọ bó ṣe máa pariwo tó. Bí ohùn kò bá tó lóde, Master ni kí ẹ gbé, ẹ fi gain sílẹ̀. Ìpele méjì ló wà nínú 12AX7 kan, tí í ṣe ECC83 kan náà, ìpele kọ̀ọ̀kan sì lè gbé ohùn ga ní ìgbà 50 sí 60. Ìdí nìyẹn tí gain fi ń yára hàn.

Ọ̀pọ̀ ló rò pé Bass 10 túmọ̀ sí pé a fi bass kún un. Nínú preamp tó gba ọ̀nà Fender, gígé nìkan ni nọ́ọ̀bù mẹ́ta yìí mọ̀. 10 ni "má gé e". Ẹ yí mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sí 0, ohùn á fẹ́rẹ̀ẹ́ kú pátá. Wọ́n tún ń fa ara wọn: bí Treble bá ga, agbára Middle àti Bass á dín kù. Nítorí náà Treble ni kí ẹ kọ́kọ́ yí, kí Middle tẹ̀ lé e, kí Bass kẹ́yìn. Ẹ gbìyànjú Treble 6, Middle 7, Bass 3. Ẹ má bẹ̀rù Middle. Gìtá tí Middle rẹ̀ kéré máa ń dùn létí nílé, ṣùgbọ́n bí gángan àti ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀ bá ti wọlé, ẹ ò ní rí i mọ́.

Tó bá jẹ́ irú Mesa/Boogie Mark ni, àwọn nọ́ọ̀bù wọ̀nyí wà ṣáájú ibi tí ohùn ti ń fọ́. Bí gain bá pọ̀ níbẹ̀, ẹ fi Bass sí 1 tàbí 2, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, ohùn á di ẹrẹ̀. Ti Marshall wà lẹ́yìn ìfọ́, ẹ lè gbé Bass rẹ̀ sókè láìsí ìyọnu.

Bright jẹ́ kapásítọ̀ kékeré tó ń gbé ohùn òkè fo nọ́ọ̀bù gain kọjá. Bí gain bá dé 10, kò sí ohun tó máa fò mọ́, Bright kò sì ní ṣe nǹkan kan, kò bàjẹ́. Presence, tó ń yí ohùn òkè pátápátá, ni kí ẹ fi ṣèkẹyìn, ní gbọ̀ngàn tí ẹ ti máa ṣeré gan-an.

ÌBÉÈRÈ: Ohùn máa ń lọ, á tún padà. Bí mo bá gbá orí preamp, á wá. N kò so nǹkan kan mọ́ Send àti Return, ihò méjì tí a fi ń so ẹ̀rọ tó ń yí ohùn padà mọ́ ọn.

ÌDÁHÙN: Ẹ fi wáyà kúkúrú kan so Send mọ́ Return. Bí ohùn bá dúró dáadáa, ìdí rẹ̀ nìyẹn. Irin kékeré kan wà nínú ihò Return tó máa ń so méjèèjì pọ̀ nígbà tí ohunkóhun kò bá sí níbẹ̀; eruku àti ìpẹtà ló mú un. Ẹ pa preamp, ẹ yọ ọ́ lára iná, ẹ fín contact cleaner sórí ẹnu jáàkì, kí ẹ tì í wọlé kí ẹ fà á jáde bí ìgbà 10. Ẹ má lo epo ẹ̀rọ. Eruku ló ń fà wá.

Bí kò bá lọ, tí ẹ sì lè dé ibi túùbù láìtú àpótí ibi tí wáyà wà, ẹ tan án padà, kí ẹ fi ìdí pẹ́ńsù kàn wọ́n díẹ̀díẹ̀. Èyí tó bá dún gooro nínú sípíkà ni kí ẹ pààrọ̀. Ẹ pa á, ẹ jẹ́ kó tutù fún ìṣẹ́jú 15, kí ẹ fà á sókè gbọọrọ. Inú àpótí wáyà ń kọ́? Iná bíi 300 volt lè ṣì wà nínú kapásítọ̀ lẹ́yìn tí ẹ ti pa á. Ẹ gbé e fún ẹlẹ́rọ tó mọ̀ ọ́n.

ÌBÉÈRÈ: Ẹ̀gbọ́n mi fi preamp ránṣẹ́ láti Houston. 120 V, 60 Hz ló wà lẹ́yìn rẹ̀. Ó tún ń kùn hùn-ùn bí mo bá so ó mọ́ míksà; ọ̀rẹ́ mi ní kí n gé ẹsẹ̀ earth kúrò lára púlọ́ọ̀gì.

ÌDÁHÙN: Ẹ má gé e o. Bí iná bá já sára irin preamp lọ́jọ́ kan, okùn gìtá máa gbé e, ẹ ó sì fi ètè kan maikirofóònù. Ẹsẹ̀ yẹn ló ń jẹ́ kí fíúsì gbiná dípò yín.

Ẹ ra step-down tiransifọ́mà 230 sí 120, ó kéré tán 100 VA. Ẹ má fi í sára iná wa láìsí i. Tiransifọ́mà inú rẹ̀ á jó. Bí iná bá ń sọ̀ kalẹ̀, ẹ fi stabilizer ṣáájú. Tí 230 bá di 180, 6.3 volt tó ń mú inú túùbù gbóná á di bíi 4.9, ohùn á sì rọ.

Ti ìkùn: ẹ yọ wáyà gìtá kúrò lára preamp. Bó bá dákẹ́, gìtá tàbí wáyà rẹ̀ ni. Ẹ jìnnà sí iná LED àti tiransifọ́mà. Bí kò bá dákẹ́, àfi bí ẹ bá yọ wáyà tó lọ sí míksà, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ pé earth preamp àti ti míksà ló ń bára wọn jà. Ẹ fi preamp àti míksà sára extension kan náà. Bó bá ṣì ń kùn, ẹ fi DI box oní-tiransifọ́mà sáàárín wọn, kí ẹ tẹ Ground Lift rẹ̀.