Ẹ Bi Wá: Sìkánà Nínú Mọ́tò

ÌBÉÈRÈ: Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́ o. Mo ra sìkánà tòkunbọ̀ kan, ẹ̀rọ tó máa ń wá ohùn wọ́kítọ́kì kiri lórí afẹ́fẹ́, Sienna ni mo fi ń kó ẹrù láti Ìkẹ́rẹ́ lọ sí Adó, mo sì fẹ́ mọ ibi tí wọ́n ti ń sọ̀rọ̀ lórí afẹ́fẹ́ níbí. Ìwé nọ́ńbà tó bá a wá (nọ́ńbà ojú ibi tí wọ́n ti ń sọ̀rọ̀ lórí afẹ́fẹ́, bíi ti sítéṣọ̀n rédíò), ti Amẹ́ríkà ni, mo tẹ gbogbo ẹ̀ wọlé, pátápátá kò sí nǹkankan. Tí mo bá ní kó máa wá a fúnra ẹ̀, sítéṣọ̀n rédíò nìkan ló ń dúró sí. (Awakọ̀, Ìkẹ́rẹ́-Èkìtì)

ÌDÁHÙN: Àbúrò, o kú ìrìn. Ju ìwé yẹn sẹ́gbẹ̀ẹ́, àwọn tó ń lo nọ́ńbà inú ẹ̀ ò sí l'Ékìtì. Sítéṣọ̀n tó ń dá ẹ dúró, 87.5 sí 108 MHz ni wọ́n wà, ibẹ̀ ni Fresh 106.9 àti Progress 100.5 ti ń bá wa sọ̀rọ̀, agbára wọn pọ̀, wọn kì í sì í dákẹ́, torí náà fo ibẹ̀. Gbájú mọ́ 136 sí 174 MHz àti 400 sí 470 MHz, ibẹ̀ ni wọ́kítọ́kì àwọn sẹ́kúríttì òtẹ́ẹ̀lì, àwọn tó ń ṣe títì àtàwọn tó ń darí mọ́tò níbi ìgbéyàwó sábà máa ń wà.

Wàhálà ibẹ̀ ni pé láti 136 dé 174, tó o bá ń fi 12.5 kHz gbẹ́sẹ̀ (àlàfo láàárín ojú ibi kan sí èkejì), ojú ibi tí ẹ̀rọ máa wò lé ní 3,000. Sìkánà tó ń wo ojú ibi 50 ní ìṣẹ́jú àáyá kan á yí i ká láàárín bíi ìṣẹ́jú kan. Tó bá jẹ́ wọ́kítọ́kì Baofeng tó ń wo bíi mẹ́ta péré lo ń lò, kó tó parí o ti fẹ́rẹ̀ẹ́ wọ Adó. Bẹ́ẹ̀ sì ni ẹni tó wà lẹ́nu géètì á kàn ní "ọ̀gá ti ń bọ̀, ẹ ṣí i," ó tán nìyẹn, kí sìkánà tó dé orí ẹ̀. Wo ara sìkánà ẹ bóyá Close Call wà níbẹ̀ (ti Uniden nìyẹn, ti RadioShack ń jẹ́ Signal Stalker), kì í wò wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan, èyí tó lágbára jù nítòsí ló máa ń já mú. Tó o bá rí ẹni tó gbé wọ́kítọ́kì dání, páàkì síbi tó bójú mu, tan án, kó o dúró. Mo fẹ́ràn ìdúró yìí ju eré lọ jàre. Tó bá mú nǹkan, kọ nọ́ńbà ẹ̀, ibi tó o wà àti aago sílẹ̀. Èyí tó bá kàn ń hó ṣáá láìsí ohùn, yọ ṣájà fóònù inú mọ́tò ná kó o tún gbọ́, ṣájà olówó pọ́ọ́kú ló máa ń fa púpọ̀ nínú ẹ̀.

Má fi ántẹ́nà kékeré sínú mọ́tò, páànù ọkọ̀ ń dí i. Ra èyí tó ní mágínẹ́ẹ̀tì lé orí òrùlé, bíi 50 sẹ̀ǹtímítà tó fún 150 MHz. Òkè náà ń dí i, ẹ̀yìn Olósùnta lè dákẹ́ pátápátá, kó o gun ibi gíga kí ohùn máa rọ́ wọlé. Tó o bá dé Ìlókun, níbi másìtì rédíò ìjọba, tan attenuator (ohun tó ń dín agbára ohun tó ń wọlé kù), àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ sítéṣọ̀n á máa yọ níbi tí kò sí. Tọ́kọ̀ òfuurufú bá wù ẹ́, 118 sí 137 MHz ni, ṣùgbọ́n yí i sí AM, FM kọ́ ni wọ́n fi ń sọ̀rọ̀ níbẹ̀.

Kí ẹni tó jókòó tì ẹ́ máa tẹ sìkánà, ìwọ máa wo títì. Òfin Cybercrimes ọdún 2015 ò fàyè gba kéèyàn máa jí ọ̀rọ̀ tí kì í ṣe ti gbogbo ayé gbọ́, nítorí náà tó o bá kó sórí ọlọ́pàá tàbí Àmọ̀tẹ́kùn, kúrò níbẹ̀ kíá, má gbà á sílẹ̀, má gbé e sórí WhatsApp. Tó o bá sì fẹ́ sọ̀rọ̀ padà fúnra ẹ, láìsí láísẹ́ńsì, má dán an wò.

ÌBÉÈRÈ: Ṣé mo lè fi sìkánà gbọ́ ẹni tó ń pe àfẹ́sọ́nà mi? (Ìdó-Èkìtì)

ÌDÁHÙN: Rárá o. Lóòótọ́ GSM wà ní 900 àti 1800 MHz, àmọ́ wọ́n ti fi kóòdù di ohùn náà, ariwo burúkú nìkan ni wàá gbọ́. Bi í léèrè.