Kànga ẹ̀rọ àbí owó ìfẹ̀yìntì òṣìṣẹ́?

Ẹ kú iṣẹ́ o. Ẹ bi mí bóyá kí ilé iṣẹ́ yín kọ́kọ́ gbẹ́ kànga ẹ̀rọ fún àdúgbò, tàbí kí ẹ san owó ìfẹ̀yìntì òṣìṣẹ́ tí ẹ jẹ. Ẹ kọ́kọ́ san owó ìfẹ̀yìntì oṣù mẹ́fà tí ẹ ní ẹ jẹ, kí ẹ tó gbẹ́ kànga ẹ̀rọ fún àdúgbò yín ní Mushin. Owó òṣìṣẹ́ ni, kì í ṣe èrè yín.

Bí òṣìṣẹ́ yín bá tó 15, òfin owó ìfẹ̀yìntì ọdún 2014 mú yín: 8% owó oṣù látọwọ́ wọn, 10% látọwọ́ yín, kí ẹ sì san án láàárín ọjọ́ iṣẹ́ 7 tí ẹ bá ti sanwó oṣù.

Níbi tí mo ti ṣiṣẹ́ rí ní Ìlúpéjú, a kun ilé ìwé àdúgbò lọ́dà. Ìyá tó ń gbálẹ̀ fún wa dúró ti ògiri náà, ó ń bi mí pé owó ìfẹ̀yìntì òun dà. Ọ̀dà ò tíì gbẹ. Mi ò rí nǹkan kan sọ.