Camber nìkan kọ́ ló ń jẹ táyà yín

Ìbéèrè: Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́. Corolla 2005 ni mò ń wà. Mo fi sípíríǹgì kúkúrú mú un wálẹ̀, ó sì rí bí mo ṣe fẹ́, àmọ́ etí inú táyà iwájú méjèèjì ti ń jẹ, ti ẹ̀yìn náà sì ti ń bẹ̀rẹ̀. Mẹkáníìkì mi ní camber ni, ìyẹn bí táyà ṣe fi orí tẹ, pé kí n ra bọ́ọ̀tì camber tí wọ́n fi ń tún un ṣe, fún ẹsẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Ó ní bí mi ò bá rí i rà, òun á fi dírìlì fẹ ihò ṣọ́ọ̀kì. Báwo ni wọ́n ṣe ń fi í sí?

Ìdáhùn: Ẹsẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin kẹ̀? Àbúrò, ẹ̀yìn Corolla rẹ kò ní ibi tí bọ́ọ̀tì camber máa wọ̀. Irin kan ṣoṣo ló dábùú láti ọ̀tún sí òsì níbẹ̀, òun ni wọ́n ń pè ní torsion beam, òun ló sì di táyà méjèèjì mú. Ṣọ́ọ̀kì ẹ̀yìn kò mọ̀ sí bí táyà ṣe dúró. Iṣẹ́ tirẹ̀ ni pé kí mọ́tò má máa jó. Bí táyà ẹ̀yìn bá ń jẹ etí inú, kí wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò bóyá irin yẹn ti tẹ̀ tàbí bóyá béárìǹ ti ń mì. Iwájú nìkan ni bọ́ọ̀tì camber ti wúlò fún ọ, níbi tí bọ́ọ̀tì méjì ti so ìsàlẹ̀ ṣọ́ọ̀kì mọ́ knuckle, irin tó gbé táyà dúró.

Ọ̀rọ̀ tó ń bí mi nínú ló kù. Táyà ò ní jẹ etí inú báyìí kí wọ́n má pariwo camber. Camber ni bí táyà ṣe fi orí tẹ sínú tàbí síta, bí èèyàn bá dúró níwájú mọ́tò wò ó. Toe ni bí imú táyà méjèèjì ṣe kọjú síra wọn tàbí tí wọ́n kẹ̀yìn síra wọn, bí èèyàn bá wò ó láti òkè. Táyà tó fi orí tẹ sínú díẹ̀ ṣì ń yí lọ síbi tí mọ́tò ń lọ. Etí inú rẹ̀ á tètè gbó ju etí òde lọ, mi ò jiyàn, ṣùgbọ́n ó máa ń pẹ́ díẹ̀. Táyà tí imú rẹ̀ yà síta ńkọ́? Ibòmíràn ló fẹ́ lọ, mọ́tò sì ń fi tipátipá wọ́ ọ lórí ọ̀dà.

Ká ní imú táyà kọ̀ọ̀kan yà síta ní ìdá kan nínú mẹ́rin dígírì. Ojú lásán ò lè rí i. Síbẹ̀, nínú kìlómítà kan, ó lé ní mítà 4 tí rọ́bà yẹn fi ń wọ́ ní ẹ̀gbẹ́. Ọ̀nà márosẹ̀ Èkó sí Ìbàdàn tó nǹkan bíi kìlómítà 127. Bí o bá rìn ín tán lẹ́ẹ̀kan péré, táyà rẹ ti wọ́ ju ìdajì kìlómítà lọ ní ìbú. Tí toe yìí bá wá pàdé camber tó ti tẹ sínú, etí inú ni gbogbo ìyà náà máa já lé.

Kí ló dé tí toe fi yẹ̀? Mímú tí o mú mọ́tò wálẹ̀ ni. Tie rod tó ń darí táyà àti lower arm tó gbé e ò gùn dọ́gba, ojúkan náà kọ́ ni wọ́n sì ti ń yí. Bí mọ́tò bá sọ̀ kalẹ̀, imú táyà á yà. O ò sì sọ fún mi pé o ṣe alignment, ìyẹn wíwọn bí táyà ṣe dúró àti títún un ṣe, lẹ́yìn tí o pààrọ̀ sípíríǹgì.

Fi àtẹ́lẹwọ́ ra ojú táyà láti inú bọ́ sí òde, kí o tún rà á padà. Bó bá ń jọ̀lọ̀ lápá kan, tó ń ha ọwọ́ lápá kejì bí eyín ayùn, toe ni. Bó bá jọ̀lọ̀ lápá méjèèjì, tó kàn gbó ní etí inú, nígbà náà ni kí o wá fura sí camber.

Ṣe alignment ná, kí o sì gba ìwé tí ẹ̀rọ tẹ̀ jáde. Kí wọ́n kọ́kọ́ wo ball joint, ìyẹn oríkèé ẹsẹ̀ mọ́tò, àti bushing, ìyẹn rọ́bà ibi tí apá rẹ̀ ti ń yí, nítorí nǹkan tó ń mì kò ṣeé wọ̀n. Bí camber bá ti kọjá ààlà tí Toyota fọwọ́ sí, tàbí tí ọ̀tún àti òsì fi ju ìdajì dígírì lọ yàtọ̀ síra, ra bọ́ọ̀tì náà. Èyí tó wọ́pọ̀ lè yí camber ní nǹkan bíi dígírì kan àbọ̀.

Fífi í sí kò le. Kí mọ́tò dúró lórí stand, kì í ṣe lórí jáàkì, ká má tilẹ̀ sọ búlọ́ọ̀kù. Bọ́ọ̀tì òkè ni wọ́n sábà ń pààrọ̀, àmọ́ ìwé inú páálí ni kí wọ́n tẹ̀ lé. Kí wọ́n gbé knuckle ró kí rọ́bà bíréèkì má baà fà. Kí wọ́n ha ìpẹtà kúrò, kí wọ́n má fi gírísì sí i, torí bí irin ṣe fún mọ́ irin ló ń jẹ́ kó dúró. Orí bọ́ọ̀tì ni wọ́n á yí láti fi tún camber ṣe. Tó bá ti dé ibi tó yẹ, kí wọ́n di orí náà mú ṣinṣin, kí wọ́n wá fún nọ́ọ̀tì, nọ́ọ̀tì tuntun. Bọ́ọ̀tì yìí tín-ín-rín ju ti ìpilẹ̀ lọ, nítorí náà ìwọ̀n agbára tó wà nínú ìwé rẹ̀ ni kí wọ́n lò. Bí orí táyà bá bọ́ síta, wò ó pé kò kan fẹ́ńdà.

Ti dírìlì yẹn, má gbà. Ihò tí wọ́n bá fẹ̀ kò ní ohun tó máa di bọ́ọ̀tì mú. Bí o bá já sí kòtò kan, táyà lè yẹ̀ lójú eré.

Mi ò fojú rí mọ́tò rẹ o, nítorí náà jẹ́ kí ẹni tó mọ iṣẹ́ yẹ̀ ẹ́ wò. Bí wọ́n bá ti fi bọ́ọ̀tì sí tán, toe ti tún yẹ̀ nìyẹn, wọ́n gbọ́dọ̀ tún un ṣe lọ́jọ́ náà. Bí ẹni tó ń ṣe é bá ní kò pọn dandan, gba kọ́kọ́rọ́ rẹ lọ́wọ́ ẹ̀.