Kálísíọ̀mù dáa, egungun ò dáa: ẹ béèrè fọ́sífétì ọmọ yín

Ìyá Ìkókó, ẹ kú ìtọ́jú ọmọ o. Ẹ̀ẹ̀mejì ni mo ka ohun tí ẹ kọ kí n tó lè dáhùn, àfi bíi pé èmi ni mo kọ ọ́ nígbà yẹn. Ẹ ní ọ̀sẹ̀ 27 lẹ bí i, ó ti lo ọ̀sẹ̀ 6 nínú inkubétọ̀, dókítà ní ALP ẹ̀ (èròjà kan tí egungun àti ẹ̀dọ̀ máa ń tú sínú ẹ̀jẹ̀) ti gòkè dé 720 ṣùgbọ́n kálísíọ̀mù ẹ̀ dáa, ẹ wá ń béèrè pé ṣé kẹ́ẹ fojú fo ẹ̀ ni àbí kẹ́ẹ ní kí wọ́n ya X-ray kí ọkàn yín lè balẹ̀. Ó lè jẹ́ àìsàn egungun àìpé oṣù, ìyẹn egungun tí kò lágbára torí ọmọ tètè wáyé. Tèmi ni pé ẹ má fojú fo ẹ̀, ẹ má sì jẹ́ kí X-ray kan fi yín lọ́kàn balẹ̀. Fọ́sífétì, ìyẹn fọ́sífọ́rọ́ọ̀sì inú ẹ̀jẹ̀ tó ń bá kálísíọ̀mù mọ egungun, ni kẹ́ẹ lọ béèrè. Mi ò kì í ṣe dókítà o, ìyá ọmọ ni mí, ṣùgbọ́n egungun itan ọmọ mi ni mo fi kọ́ èyí tí mo fẹ́ sọ yìí.

Ọ̀sẹ̀ 25 àti ọjọ́ 4 ni mo bí tèmi, gíráàmù 740. Ìfun ẹ̀ ò gba nǹkan, ẹ̀ẹ̀mejì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni wọ́n dá omi ọyàn dúró torí ikùn ẹ̀ wú, inú dírípù ló ti ń jẹun fún bí ọ̀sẹ̀ 5. Ẹ̀dọ̀fóró ẹ̀ náà ń dààmú wa, wọ́n ń fún un ní furosemide kó lè tọ omi tó dúró sí i lára, wọ́n tún fún un ní sítẹ́rọ́ọ̀dù fúngbà díẹ̀ kí wọ́n lè yọ ọ́ lórí ẹ̀rọ tó ń bá a mí. Ẹni tó bá ti jókòó ti inkubétọ̀ rí á mọ̀ pé kò sẹ́ni tó ń ro ti egungun níbẹ̀, èémí la máa ń ṣọ́ láti òwúrọ̀ ṣúlẹ̀. Mo ní ìwé kékeré kan tí mò ń kọ nǹkan sí, gíráàmù tòní, ọ́síjìn tòní, omi ọyàn tó gbà. Tí èsì ẹ̀jẹ̀ bá dé tí mo bi wọ́n, wọ́n á ní "kálísíọ̀mù ẹ̀ dáa o," èmi náà á kọ ọ́, "kálísíọ̀mù: dáa," màá wá fa ìlà sí i nídìí. Ìlà méjì nígbà míì.

Ọ̀sẹ̀ kẹsàn-án ni nọ́ọ̀sì kan tó ń pààrọ̀ ìlédìí ẹ̀ lóru kíyè sí i pé ó ń ká ẹsẹ̀ ọ̀tún sókè, kò ká tòsì. Ó rọra fọwọ́ kàn án, ọmọ figbe ta, ó fọwọ́ wọn itan ẹ̀ méjèèjì wò, tòsì ti wú díẹ̀, díẹ̀ báyìí o, èmi ì bá má rí i. Wọ́n ya X-ray, egungun itan ti dá. Wọ́n wá wo àyà ẹ̀ dáadáa, wọ́n rí egungun ìhà méjì tó ti dá tó sì ti ń jinná fúnra ẹ̀ láìsí ẹni tó mọ̀. Àṣé ìgbà tó ń sunkún lásìkò tí wọ́n bá ń yí i padà tí a ń ní ó kàn ń bínú ni, ìrora ni.

Mo ní kí wọ́n fún mi ní gbogbo èsì ẹ̀jẹ̀ tó ti ń ṣe látọjọ́ tó dé, mo kọ wọ́n sílẹ̀ ní ẹ̀gbẹ́ ara wọn. ALP: 410, 600, 890. Fọ́sífétì: 1.9, 1.5, 1.1. Gbogbo ẹ̀ wà níbẹ̀! Ìkan ń gòkè, ìkejì ń já bọ̀, láti bí ọ̀sẹ̀ 4, kò kàn sẹ́ni tó kó wọn jọ sójú kan ni. Mi ò bá ẹnikẹ́ni jà torí ẹ̀, iṣẹ́ pọ̀ lọ́wọ́ wọn, ṣùgbọ́n ó dùn mí, ó ṣì ń dùn mí.

Ìdí tí kálísíọ̀mù fi tàn mí jẹ rèé. Bí ìdá 80 nínú 100 kálísíọ̀mù àti fọ́sífọ́rọ́ọ̀sì tí ọmọ máa ń gbé wá sáyé, oṣù 3 tó gbẹ̀yìn oyún ló máa ń gbà á lára ìyá. Àwọn ọmọ tiwa jáde kí ọjà yẹn tó kún. Omi ọyàn lásán ò lè dí i, oúnjẹ inú dírípù náà kì í lè gbé tó bó ṣe yẹ. Ara ò sì ní gbà kí kálísíọ̀mù inú ẹ̀jẹ̀ lọ sílẹ̀ torí ọkàn àti iṣan ń lò ó, torí náà họ́mọ̀nù kan tí wọ́n ń pè ní PTH á máa lọ yọ ọ́ lára egungun wá sínú ẹ̀jẹ̀. Ó dà bí ẹni tí igi ìdáná tán nílé ẹ̀ tó wá ń yọ igi òrùlé dáná, ará ìta á rí èéfín, á ní wọ́n ń dáná nílé yẹn, nǹkan ń lọ déédéé, kò mọ̀ pé òrùlé ló ń jó. Kálísíọ̀mù tí wọ́n ní ó dáa yẹn, èéfín ni.

Fọ́sífétì ni kì í fi bò. Òun ló máa ń kọ́kọ́ lọ sílẹ̀, lẹ́yìn náà ni ALP á wá gòkè torí àwọn sẹ́ẹ̀lì tó ń mọ egungun ń ṣe làálàá lórí iṣẹ́ tí kò ní èròjà. ALP nìkan ò tó dájọ́ o. Ẹ̀dọ̀ náà máa ń tú u jáde, dírípù ọlọ́jọ́ pípẹ́ sì lè ba ẹ̀dọ̀ jẹ́, ọmọ tó ń dàgbà dáadáa gan-an ALP ẹ̀ lè sún sókè. Èyí tó yẹ kó bà yín lẹ́rù ni kí méjèèjì pàdé: ALP tó lé ní 900, fọ́sífétì tó wà lábẹ́ 1.8 mmol/L. Tó bá jẹ́ mg/dL ni lábù yín fi ń kọ ọ́, 1.8 yẹn fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 5.6, ẹ wò ó dáadáa kẹ́ẹ má lọ máa fi ọ̀kan wé èkejì bí mo ṣe ṣe tí mo fẹ́rẹ̀ẹ́ kú sórí àga. 720 tiyín ò tíì dé ibẹ̀, àmọ́ ọ̀nà ibẹ̀ ló wà tí fọ́sífétì bá ti kéré, tí fọ́sífétì bá sì dáa ó lè má jẹ́ nǹkan kan. Ohun tí mo fi ní kẹ́ẹ béèrè nìyẹn.

Ti X-ray tẹ́ẹ sọ, ó máa ń pẹ́ kó tó sọ̀rọ̀. Egungun gbọ́dọ̀ ti pàdánù bí ìdá 20 sí 40 nínú 100 èròjà ẹ̀ kó tó hàn nínú ẹ̀, torí náà tí wọ́n bá yà á lónìí tí wọ́n ní kò sí nǹkan, ìyẹn kàn ń sọ pé kò tíì bàjẹ́ tó bẹ́ẹ̀ ni. Ṣùgbọ́n tí wọ́n bá ń ya àyà ọmọ yín torí ẹ̀dọ̀fóró (tèmi, mi ò lè kà iye ìgbà), ẹ bẹ̀ wọ́n kí wọ́n wo egungun ìhà àti ti apá nínú fọ́tò kan náà, kò ná ẹnikẹ́ni ní nǹkan kan. Ẹ̀rọ DXA tó ń fi X-ray díẹ̀ wọn bí egungun ṣe kún tó, àti òmíràn tó ń fi ìró wọn egungun náà wà, ibi tí wọ́n ti ń lò wọ́n fún ọmọ kékeré báyìí ò pọ̀, mi ò ní kẹ́ẹ torí ẹ̀ máa sáré kiri.

Ìbéèrè kejì tí mo fẹ́ kẹ́ẹ bi wọ́n ni PTH, ibí sì ni wọ́n ti fi ọ̀sẹ̀ 2 ṣòfò fún èmi. Nígbà tí wọ́n rí i pé fọ́sífétì kéré, fọ́sífétì nìkan ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í fún un. ALP kò sọ̀ kalẹ̀, ńṣe ló tún ń gòkè. Dókítà àgbà kan ló dé tó ní kí wọ́n yẹ PTH wò, kí wọ́n sì yẹ ìtọ̀ ẹ̀ wò, PTH ẹ̀ ga fíofío, fọ́sífétì sì ń bá ìtọ̀ lọ. Ìyẹn ni pé kálísíọ̀mù gan-an ni kò tó, PTH ló ń ní kí kíndìnrín máa da fọ́sífétì nù, a wá ń bu omi sínú agbọ̀n. Ká ní fọ́sífétì ni kò tó ní tòótọ́, PTH ò ní ga, kíndìnrín á sì di fọ́sífétì mú ṣinṣin, ohun tí wọ́n ń pè ní TRP (ìdá fọ́sífétì tí kíndìnrín dá padà sára) á lé ní 95 nínú 100. Wọ́n fi kálísíọ̀mù kún un, wọ́n dín fọ́sífétì kù, lọ́sẹ̀ kejì ALP dúró, ó wá bẹ̀rẹ̀ sí í wálẹ̀. Àkókò ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni kí wọ́n máa fún un ní méjèèjì o, tí wọ́n bá pò wọ́n pọ̀ nínú túùbù wọ́n á dì bí ẹfun, kò ní wúlò fún ọmọ.

Yàtọ̀ síyẹn, wọ́n ń po pọ́dà tó ń fún omi ọyàn lágbára mọ́ tèmi, wọ́n ń kán fítámì D sí i lẹ́nu. Àwọn kan á ní fítámì D nìkan ló kù ú kù, rárá, èròjà egungun fúnra ẹ̀ ni kò tó. Furosemide yẹn máa ń da kálísíọ̀mù sínú ìtọ̀, wọ́n pààrọ̀ ẹ̀ fún un nígbà tí èémí ẹ̀ gbà á láyè, ẹ má dá a dúró fúnra yín láéláé. Tẹ́ẹ bá ń pààrọ̀ ìlédìí, ẹ má di ọrùn ẹsẹ̀ méjèèjì mú kẹ́ẹ fi gbé ìdí ẹ̀ sókè, ọwọ́ ni kẹ́ẹ rọra kì bọ abẹ́ ìdí ẹ̀, tàbí kẹ́ẹ yí i sẹ́gbẹ̀ẹ́. Mo ní kí wọ́n kọ ọ́ sára inkubétọ̀ gàdàgbà pé egungun ọmọ yìí ò lágbára, kí ẹni tó bá wá ṣiṣẹ́ alẹ́ lè rí i.

Nígbà tẹ́ẹ bá ń lọ sílé, ẹ jẹ́ kó wà nínú lẹ́tà ilé ìwòsàn pé ó ní àìsàn egungun àìpé oṣù, tó bá ti dá níbì kan kí wọ́n kọ ibẹ̀. Tí dókítà míì bá rí àpá egungun tó dá lára ọmọ ọwọ́ lọ́jọ́ iwájú, ẹ̀yin ni wọ́n máa kọ́kọ́ wò lójú. Kí wọ́n sì fún yín lọ́jọ́ tí wọ́n á tún ẹ̀jẹ̀ yẹn ṣe, bí ọ̀sẹ̀ 2 sí 4 lẹ́yìn tẹ́ẹ délé, pàápàá tó bá jẹ́ pé omi ọyàn lásán ló kù tó ń mu.

Itan ọmọ mi jinná láàárín bí ọ̀sẹ̀ mélòó kan, ọmọdé máa ń yára jinná. Ó ti pé ọdún 4 báyìí, orí àga ló ń gùn, èmi ni mo ń pariwo.

Lọ́la tí àwọn dókítà bá ń yí wọ́ọ̀dù po, ẹ mú bírò dání. Fọ́sífétì mélòó, mmol ni àbí mg, mélòó ni ti ọ̀sẹ̀ tó kọjá, ṣé wọ́n ti yẹ PTH wò. Tí wọ́n bá ní "ó dáa," ẹ ní iye tó jẹ́ lẹ fẹ́ kọ. Ẹ jẹ́ n gbọ́ iye náà.