Ìbéèrè Yín Lórí Ọkọ̀: Ohun Tí Ń Han Lábẹ́ Bọ́nẹ́ẹ̀tì

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin olùdáhùn wa. Olùkọ́ ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ni mí, Òkè-Fìà níhìn-ín ní Òṣogbo ni mo ń gbé. Toyota Corolla ọdún 2005 ni mo ń wà. Láti nǹkan bí oṣù méjì sẹ́yìn ni ẹ́ńjìnnì rẹ̀ ti ń han fíìn-ín-ín bí ẹ̀fọn létí ẹni, bí mo bá sì ṣe ń tẹná sí i náà ni ohùn rẹ̀ ń lọ sókè. Ó máa ń le jù láàárọ̀, àti nígbà tí mo bá ń yí sítíárìn láti wọ ọgbà ilé-ẹ̀kọ́. Mẹkáníìkì mi kọ́kọ́ ní bẹ́líìtì ni, a pààrọ̀ rẹ̀, kò dákẹ́. Ó tún ní kí n ra ọ́tánétọ̀ tòkunbọ̀, rewáyà bá mi so ó, kò dákẹ́. Ní báyìí, ó ní kọ̀ǹpúrẹ́sọ̀ éésì ni. Owó oṣù mi kò lè gbé e mọ́. Ẹ jọ̀ọ́, ǹjẹ́ ọ̀nà wà tí a lè gbà mọ ohun tí ń ké kí n tó tún náwó? — Olùkọ́ kan, Òkè-Fìà, Òṣogbo.

Ìdáhùn: Ẹ kú ìnáwó, Ìyáàfin olùkọ́, ẹ sì kú ìfaradà. Ọ̀nà wà, èyí tí ó pọ̀ jù nínú rẹ̀ kò sì ní gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ yín. Inú mi kò dùn nígbà tí mo ka lẹ́tà yín, nítorí pé nǹkan méjì ni ẹ ti rà fún ọkọ̀ yìí láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni kọ́kọ́ fara balẹ̀ tẹ́tí sí i.

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé ìdí tí ìméfò fi máa ń kùnà níbí. Bẹ́líìtì kan ṣoṣo ni ó wà níwájú ẹ́ńjìnnì irú Corolla yìí. Púlì (àgbá kékeré tí bẹ́líìtì ń gba ara rẹ̀) ìdí kíráńkì, ìyẹn ọ̀pá ńlá tí ẹ́ńjìnnì ń yí, ni ó ń fà á, bẹ́líìtì náà á wá máa yí ọ́tánétọ̀ tí ń pèsè iná fún ọkọ̀, páńpù omi, páńpù sítíárìn àti kọ̀ǹpúrẹ́sọ̀ éésì, nígbà tí tẹ́ńṣọ́nà, èyí tí í ṣe apá tí ó ní púlì kékeré lórí, á máa tì í kí ó má baà dẹ̀. Ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn ni ó ní bíárìn tirẹ̀, ìyẹn irin róbótó onígírísì tí ń jẹ́ kí ó yí wẹ́rẹ́, kò sì sí bíárìn tí kò lè gbẹ kí ó bẹ̀rẹ̀ sí í ké. Ara irin kan náà ni gbogbo wọn so mọ́, irin sì máa ń gbé ohùn kiri, tí ó fi jẹ́ pé igbe páńpù omi lè máa dún létí ẹni bí ẹni pé ọ̀dọ̀ ọ́tánétọ̀ ni ó ti ń wá. Pé ohùn náà ń ga bí ẹ ṣe ń tẹná kò tíì dárúkọ ẹni tí ń ké. Ohun tí ó sọ fún wa kò ju pé ohun náà ń yí pẹ̀lú ẹ́ńjìnnì. Púlì ọ́tánétọ̀, bí àpẹẹrẹ, kéré sí ti kíráńkì, ìdí nìyí tí ó fi sábà máa ń yí ní ìlọ́po méjì sí mẹ́ta: bí ẹ́ńjìnnì bá ń yí ní ìgbà 700 ní ìṣẹ́jú kan lórí ìdúró, ọ́tánétọ̀ á ti máa yí ní ìgbà 1,400 sí 2,100.

Irú ohùn náà ṣe pàtàkì. Bẹ́líìtì tí ń yọ̀ lórí púlì máa ń ké líle nígbà tí a bá ṣẹ̀ṣẹ̀ tan ọkọ̀, á sì dákẹ́ láìpẹ́. Bẹ́líìtì tí kò jókòó gún régé máa ń ké ṣíọ́ṣíọ́ bí òròmọdìyẹ. Bíárìn tí ó ti jẹ tán máa ń lọ gìrìgìrì bí ọlọ tí wọ́n ń lọ ata gbígbẹ lórí rẹ̀. Ní ti fíìn-ín-ín gígùn tí ẹ ṣàpèjúwe yìí, ibi mẹ́ta ni ó sábà máa ń ti wá: páńpù sítíárìn tí òróró rẹ̀ kò tó tàbí tí afẹ́fẹ́ wọ̀, ọ́tánétọ̀ tí dáyóòdù rẹ̀ (ẹ̀yà kékeré tí ń tọ́ iná sí ọ̀nà kan ṣoṣo) kan ti bàjẹ́, tàbí bíárìn kan tí gírísì inú rẹ̀ ti ń tán ṣùgbọ́n tí kò tíì jẹ púpọ̀.

Ọ̀nà tí mo fẹ́ràn jù láti yà wọ́n sọ́tọ̀ ni pé kí a gbé iṣẹ́ fún wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, kí a sì gbọ́ ẹni tí yóò ráhùn. Ẹ ṣe é ní ìdájí, kí ọkọ̀ tó kún títì tí ó lọ sí Ọláìyá, nígbà tí ẹ́ńjìnnì ṣì tutù tí etí sì lè gbọ́rọ̀. Ẹ pa éésì, fáànù, rédíò àti gbogbo iná, ẹ tan ẹ́ńjìnnì, kí ẹ sì gbọ́ ohùn rẹ̀ fún ìgbà díẹ̀. Lẹ́yìn náà, níbi tí ọkọ̀ dúró sí, ẹ yí sítíárìn lọ sápá ọ̀tún, kí ẹ dá a padà sápá òsì, ṣùgbọ́n kí ẹ má ṣe dì í mú ní ibi tí ó yí dé òpin ju ìṣẹ́jú àáyá 5 lọ, nítorí pé ibẹ̀ ni ìnira páńpù ti máa ń pọ̀ jù. Bí igbe bá ga lójú ẹsẹ̀, tí ó sì rọlẹ̀ nígbà tí ẹ jọ̀wọ́ rẹ̀, páńpù sítíárìn ti dáhùn. Bí kò bá yí padà, ẹ fi sítíárìn sílẹ̀, ẹ tan iná iwájú àti fáànù inú ọkọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Ọ́tánétọ̀ ni ìyẹn gbé iṣẹ́ fún. Ẹ pa wọ́n, kí ẹ wá tan éésì nìkan, ẹ ó gbọ́ “kó” kan níwájú nígbà tí kíláàṣì kọ̀ǹpúrẹ́sọ̀, èyí tí ń so ó pọ̀ mọ́ púlì rẹ̀, bá mú. Ohùn tí ó bẹ̀rẹ̀ lẹ́yìn “kó” yẹn, tí ó sì parí nígbà tí ẹ pa éésì, inú kọ̀ǹpúrẹ́sọ̀ ni ó ti ń wá. Ẹ rántí pé púlì iwájú kọ̀ǹpúrẹ́sọ̀ náà ń yí ní gbogbo ìgbà, bí éésì tilẹ̀ wà ní pípa, nítorí náà bíárìn rẹ̀ lè máa ké láìsí éésì.

Nínú lẹ́tà yín, ohun méjì ni ó gba ọkàn mi: ohùn náà ń le nígbà tí ẹ bá ń yí sítíárìn, ó sì ń le láàárọ̀ nígbà tí òróró ṣì tutù tí ó sì ki. Ẹ kò mẹ́nu kan éésì rárá. Èmi kò ní ra kọ̀ǹpúrẹ́sọ̀ lórí irú ẹ̀rí bẹ́ẹ̀. Ẹ kọ́kọ́ wo agolo òróró sítíárìn. (Ẹ rí i dájú pé ó wà níbẹ̀: àwọn Corolla tí wọ́n kó wá láti Amẹ́ríkà ní ọdún wọ̀nyẹn ń lo páńpù olóròóró, ṣùgbọ́n àwọn kan tí wọ́n ṣe fún Yúróòpù ń fi iná mànàmáná yí sítíárìn, wọn kò sì ní páńpù yìí rárá.) Ààmì wà lára agolo náà fún ìgbà tí òróró bá tutù àti fún ìgbà tí ó bá gbóná. Bí ó bá wà lábẹ́ ààmì, òróró ń jò níbì kan, ó yẹ kí a wá ibẹ̀ rí kí a tó bu òmíràn. Irú òróró tí Toyota ń fẹ́ fún un ni ATF (òróró gíà ọ̀tọ́mátíìkì), Dexron II tàbí III. Ẹ má ṣe jẹ́ kí ẹnikẹ́ni bu òróró bíréèkì sí i nítorí pé ìyẹn ni ó wà nítòsí, torí pé ó máa ń ba rọ́bà inú páńpù àti ti ráàkì (irin tí ń yí ẹsẹ̀ iwájú) jẹ́.

Lẹ́yìn èyí, ẹ wo àwọ̀ òróró náà nígbà tí ẹ́ńjìnnì ń ṣiṣẹ́ tí ẹnì kan sì ń yí sítíárìn. Bí ó bá ń hó bí omi ọṣẹ, afẹ́fẹ́ ni ó ń wọ̀ ọ́, afẹ́fẹ́ yẹn gan-an ni ó sì ń mú páńpù han. Ibí yìí ni ọ̀pọ̀ mẹkáníìkì ti máa ń ṣìnà, nítorí pé ojú ìjò ni wọ́n ń wá kiri, wọn kò sì rí òróró kankan nílẹ̀. Rọ́bà tí ó gba ìsàlẹ̀ agolo lọ sí páńpù, fífà ni páńpù ń fa òróró gba inú rẹ̀. Bí rọ́bà yẹn bá ti gan, tàbí bí kílíìpù ẹnu rẹ̀ bá ti dẹ̀, ó lè máa mu afẹ́fẹ́ wọlé láìjẹ́ kí òróró kán síta. Rọ́bà kékeré àti kílíìpù tuntun lè jẹ́ gbogbo ohun tí ọkọ̀ yín ń bẹ̀bẹ̀ fún. Lẹ́yìn tí wọ́n bá pààrọ̀ rẹ̀, kí wọ́n fi jáàkì gbé ẹsẹ̀ iwájú méjèèjì kúrò nílẹ̀, kí wọ́n fi nǹkan tí ó le ti ọkọ̀ náà nísàlẹ̀, kí ẹ́ńjìnnì wà ní pípa, kí wọ́n máa yí sítíárìn láti òpin dé òpin ní ọ̀pọ̀ ìgbà, kí wọ́n sì máa bu òróró kún un títí tí kò fi ní hó mọ́.

Bí sítíárìn kò bá jẹ̀bi, ẹ jẹ́ kí rewáyà fi mítà wọn bátìrì nígbà tí ẹ́ńjìnnì ń ṣiṣẹ́. Ọ́tánétọ̀ tí ara rẹ̀ dá sábà máa ń fúnni ní fóòtì 13.5 sí 14.7. Kí ó tún yí mítà sí ẹ̀gbẹ́ AC (irú iná tí ń lọ tí ń bọ̀, kì í ṣe éésì) kí ó sì wọ̀n ọ́n lẹ́ẹ̀kan sí i. Bí ó bá ju ààbọ̀ fóòtì lọ níbẹ̀, dáyóòdù kan ti ń ṣe àìsàn, ohùn rẹ̀ a sì tún máa gba inú rédíò jáde nígbà mìíràn. Tòkunbọ̀ ni ẹ rà, nítorí náà ó yẹ kí a yẹ òun náà wò.

Ohun tí ó kù ni igi àti etí. Mẹkáníìkì lè fi orí igi gígùn tàbí sukuduráfà gígùn kan ara ọ́tánétọ̀, kí ó fi ìdí rẹ̀ ti egungun ẹ̀bá etí, kí ó sì ṣe bẹ́ẹ̀ fún páńpù omi àti àwọn yòókù. Ara tí kò yí ni kí ó fi kàn, kì í ṣe púlì. Ẹ̀yin fúnra yín, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ṣe tẹ̀ bá ẹ́ńjìnnì tí ń ṣiṣẹ́ pẹ̀lú ìborùn, ẹ̀gbà ọrùn tàbí apá aṣọ gbọọrọ. Bẹ́líìtì kì í dúró béèrè.

Bí iyèméjì bá ṣì wà, kí ó ya fọ́tò bí bẹ́líìtì ṣe gba ara àwọn púlì, kí ó yọ ọ́ nígbà tí ẹ́ńjìnnì tutù, kí ó sì tan ẹ́ńjìnnì fún ìgbà díẹ̀ tí kò tó ìṣẹ́jú kan, nítorí pé páńpù omi kò ṣiṣẹ́ ní àsìkò yẹn. Bí ó bá dákẹ́, ọ̀kan nínú àwọn tí bẹ́líìtì ń yí ni. Kí ó pa á, kí ó fi ọwọ́ yí púlì kọ̀ọ̀kan, kí ó sì mì í síwá sẹ́yìn. Èyí tí ó dára á yí wẹ́rẹ́ láìpariwo. Èyí tí ó ti jẹ á máa ta ọwọ́ bí ẹni pé iyanrìn wà nínú rẹ̀, tàbí kí ó máa mì. Èyí tí gírísì rẹ̀ ti gbẹ á máa yí lọ fúnra rẹ̀ bí òkòtó. Kí ó yẹ ìdí páńpù omi wò pẹ̀lú, bóyá ipa omi rèdíétọ̀ tí ó gbẹ wà níbi ihò kékeré abẹ́ rẹ̀. Mo ti ra ọ́tánétọ̀ rí fún ọkọ̀ ara mi nítorí púlì tẹ́ńṣọ́nà kan tí n kò fi ọwọ́ kàn, ó sì ń dùn mí títí di òní pé n kò yọ bẹ́líìtì yẹn kí n tó lọ sọ́jà.

Ìbéèrè: Awakọ̀ kabúkabú ni mí, Òṣogbo sí Ìkìrun ni mo ń ná. Bí òjò bá ti rọ̀, bẹ́líìtì mi á máa ké. Ọmọ iṣẹ́ mi máa ń fi ọṣẹ pa á, á sì dákẹ́. Ṣé ó léwu? — Awakọ̀ kan, Òṣogbo.

Ìdáhùn: Ẹ jẹ́ kí ó jáwọ́ nínú ọṣẹ. Ó ń bo igbe náà mọ́lẹ̀ ni, ìdọ̀tí á sì máa lẹ̀ mọ́ ọn. Ẹ bu omi díẹ̀ sínú ike tí a fi ń fín aṣọ, kí ẹ fín in sí ojú bẹ́líìtì tí ó ní ìlà-ìlà nígbà tí ó ń ké. Bí igbe bá pọ̀ sí i, bẹ́líìtì ń yọ̀: tẹ́ńṣọ́nà ti rẹ̀, tàbí bẹ́líìtì ti jẹ, tàbí òróró ń kán sí i. Bí ó bá dákẹ́ tí ó sì padà láìpẹ́, púlì kan ni kò wà lójú ìlà pẹ̀lú àwọn yòókù. Ẹ má ṣe gbára lé pé bẹ́líìtì náà kò sán, nítorí pé rọ́bà tí wọ́n fi ń ṣe àwọn ti òde òní kì í tètè sán. Ńṣe ni ó máa ń jẹ bíi táyà, tí ìlà rẹ̀ á fi máa jìn. Bí ẹ bá fẹ́ ra òmíràn, ẹ ka nọ́ńbà ẹ̀yìn rẹ̀: 6PK1200 túmọ̀ sí ìlà 6 àti gígùn mìlímítà 1,200, kò sì yẹ kí èyíkéyìí nínú méjèèjì yàtọ̀ sí ti ọkọ̀ yín.

Ìbéèrè: Wọ́n yọ bẹ́líìtì Honda Accord V6 mi, ọdún 2004, ṣùgbọ́n ẹ́ńjìnnì ṣì ń han. Ṣé ẹ́ńjìnnì ti bàjẹ́ nìyẹn? — Òǹkàwé kan, Ayétòrò, Òṣogbo.

Ìdáhùn: Kò tíì dé ibẹ̀. Nínú ẹ́ńjìnnì yín, bẹ́líìtì táímìn (èyí tí ń mú kí àwọn fáàfù ṣí kí wọ́n sì pa ní àkókò) tí ó wà lábẹ́ ìbòrí ni ó ń yí páńpù omi, kì í ṣe ti ìta, nítorí náà páńpù omi àti púlì tẹ́ńṣọ́nà inú lọ́hùn-ún ṣì ń yí nígbà tí wọ́n yọ ti ìta. Honda ní kí a pààrọ̀ bẹ́líìtì táímìn yìí ní nǹkan bíi máìlì 105,000 tàbí ọdún 7, èyí tí ó bá kọ́kọ́ dé. Bí ẹ kò bá mọ ìgbà tí wọ́n ṣe é kẹ́yìn, ẹ má ṣe wa ọkọ̀ náà jáde kúrò ní Òṣogbo kí wọ́n tó ṣí ìbòrí yẹn wò, nítorí pé bí bẹ́líìtì náà bá já lórí eré, àwọn fáàfù yóò kọlu písítìnì. Kí wọ́n pààrọ̀ bẹ́líìtì, páńpù omi àti tẹ́ńṣọ́nà rẹ̀ papọ̀, torí pé iṣẹ́ títú kan náà ni yóò gba gbogbo wọn.